Káàdì ọkọ̀ òkun 1908 tí mo rí lọ́wọ́ màmá kan: ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn ọkọ̀ onístíìmù, ẹ gbà mí

ÌyáÌbejì_NJ:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe ní New Jersey níbí, màmá kan tó ti lé ní 85 ni mò ń tọ́jú, Poland ni bàbá ẹ̀ ti wá, màmá náà sì lọ́rọ̀ lẹ́nu gan-an, tí iṣẹ́ bá ti parí báyìí àwa méjèèjì á kàn jókòó máa tàkúrọ̀sọ ni. Sátidé tó kọjá ó ní kí n bá òun gbé páálí kan sọ̀kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ni mo ti rí káàdì kan tó ti gbó, tó pọ́n bí ìwé tí wọ́n rẹ sínú tíì. Ó ní káàdì ìyá bàbá òun ni. 1908 ni obìnrin yẹn kó ọmọ mẹ́ta dání wọ ọkọ̀ òkun wá bá ọkọ ẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Passaic, ìlú kan ní New Jersey níbí, bàbá màmá yìí ló kéré jù nínú àwọn ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́rin.

Ohun tó ń dà mí láàmú nìyí o. Wọ́n kọ Hamburg sórí káàdì, ìlú èbúté Jámánì tí wọ́n ti wọkọ̀, ìyẹn yé mi. Wọ́n tún kọ Pennsylvania sí i, bẹ́ẹ̀ New Jersey ni wọ́n ń lọ, màmá ní bóyá Pennsylvania ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ gbé wọn lọ. Ẹ̀gbẹ́ káàdì náà ní nọ́ńbà wẹ́wẹ́ tó tò tẹ̀léra, wọ́n sì ti dá òǹtẹ̀ lu àwọn kan. Màmá tún ní Ellis Island, erékùṣù New York tí wọ́n ti ń yẹ àwọn tó ń wọ Amẹ́ríkà wò, ni wọ́n ti yí orúkọ ìdílé àwọn padà, pé Òyìnbó tó jókòó síbẹ̀ ò lè pe orúkọ Poland ló bá gé e kúrú, àti pé wọ́n ti ìyá àgbà yẹn mọ́lé níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan bí ọ̀daràn. Ṣé òótọ́ ni gbogbo èyí?

Bọ̀dáApapa:
Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ bá mi sọ fún màmá pé Pennsylvania yẹn kì í ṣe ìlú, orúkọ ọkọ̀ ni 😂. Mo ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣe kílíárìn ní Apapa, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ò lè tán lẹ́nu mi. Ọkọ̀ HAPAG ni, kọ́mpìnì ará Hamburg tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1847. Belfast ni wọ́n ti kàn án, ní yáàdì Harland and Wolff tó padà kan Titanic, 1897 ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná New York. Kò yára rárá. Ọkọ̀ Mauretania ti kọ́mpìnì Cunard tó jáde ní 1907 ń sá tó 25 knots (bí wọ́n ṣe ń ka eré ọkọ̀ òkun nìyẹn), èyí ò ju 13 lọ, ẹ ka nǹkan bí ọjọ́ 12 lórí omi.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tí owó wà. Àwọn olówó tó ń sùn lókè nínú first class kò tó 200. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ lé ní 2,000. Fótò tá a máa ń rí, àga onítìmùtìmù, dùùrù, àwọn obìnrin tó de fìlà oníyẹ̀ẹ́, ìyẹn ni wọ́n fi ń ṣe pólówó, àmọ́ mẹ̀kúnnù tó san bíi dọ́là 30 lórí èèyàn kan ló ń gbé kọ́mpìnì ró. Ọkọ̀ mìíràn sì wà, tí wọ́n bá já èèyàn tán ní New York, wọ́n á tú bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀ kúrò, wọ́n á fi ẹrù dí ibẹ̀ padà lọ sí Yúróòpù. Àlọ èèyàn, àbọ̀ ẹrù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Amẹ́ríkà gba Pennsylvania yìí lọ́wọ́ àwọn Jámánì, 1917 nìyẹn, wọ́n sọ ọ́ ní Nansemond.

ÀkàndéAgídí:
2,000 nísàlẹ̀! Mólúè orí omi nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n, kí wá ni steerage tí mo máa ń rí nínú ìwé, ṣé ìsàlẹ̀ yẹn náà ni?

Bọ̀dáApapa:
Òun náà ni. Ìdí ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́ ọ, ibẹ̀ ni orúkọ yẹn ti wá. Ibẹ̀ ló ń mì jù, ibẹ̀ ló gbóná jù, ariwo ẹ́ńjìnnì ò sì jẹ́ kéèyàn sùn. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, gbọ̀ngàn kan ṣoṣo lè gba ọgọ́rùn-ún èèyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀dì onírin alájà méjì, koríko gbígbẹ ni wọ́n fi ṣe mátírẹ́ẹ̀sì, wọ́n á fún ẹ ní àwo páànù kan àti síbí, ìwọ fúnra ẹ lo máa fọ̀ ọ́, omi iyọ̀ sì ni wàá fi fọ̀ ọ́ nígbà míì.

Síbẹ̀ ẹ má jẹ́ ká bú stíìmù jù. Ayé ọkọ̀ onígbòkun ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mẹ́fà, tí atẹ́gùn ò bá fẹ́ ó lè jù bẹ́ẹ̀, tí ibà bá wọ inú ọkọ̀ kí wọ́n tó gúnlẹ̀ ẹ máa ju òkú sómi títí. Kọ́mpìnì Inman ló kọ́kọ́ dáwọ́ lé e gan-an láti fi ọkọ̀ onístíìmù kó àwọn tálákà, láti 1852, City of Glasgow ni orúkọ ọkọ̀ náà. Ní 1854 ló kúrò ní Liverpool ó ń lọ Philadelphia pẹ̀lú nǹkan bí 480 èèyàn, a ò tún gbúròó ẹ̀ mọ́ dòní.

Adékẹ́yẹ_Hamburg:
Mo dé o, ọ̀rọ̀ délé mi. Veddel, àdúgbò kan ní Hamburg níbí tí ìyá àgbà yẹn ti wọkọ̀, ò jìnnà sí mi rárá, wọ́n ti sọ ibẹ̀ di mùsíọ́mù láti 2007, mo ti kó àwọn ọmọ mi lọ.

Ìyá Ìbejì, àwọn nọ́ńbà ẹ̀gbẹ́ káàdì yẹn, ọjọ́ ni wọ́n. Dókítà inú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ máa yẹ àwọn ará ìsàlẹ̀ wò, tó bá ti rí ẹ lónìí á sàmì sí nọ́ńbà tòní, ọ̀la á sàmì sí tọ̀la. Tẹ́ ẹ bá wo káàdì náà dáadáa ẹ máa rí i tí wọ́n kọ ọ́ sí i pé kó tọ́jú ẹ̀ kí wọ́n má bàa dá a dúró ní kọ̀ráńtíìnì tàbí nínú rélùwéè Amẹ́ríkà. Ìdí nìyẹn tí káàdì yẹn ò fi sọnù, wọ́n ti fi sí wọn lára pé ẹ̀mí wọn ni.

Ohun tó fà á ni pé àrùn onígbá méjì jà ní Hamburg níbí ní 1892, ó pa èèyàn tó lé ní 8,000 láàárín oṣù mélòó kan, wọ́n sì ní àwọn tó ń bọ̀ láti Rọ́ṣíà wá wọkọ̀ ló gbé e wá. Ọkọ̀ tó gbéra láti Hamburg gbé àrùn náà dé ẹnu odò New York, gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Láti ìgbà yẹn kò sírọ̀rùn mọ́. Tó o bá ń bọ̀ láti apá Poland tó wà lábẹ́ Rọ́ṣíà bíi ti ìyá àgbà yìí, ní ẹnubodè gan-an wọ́n á bọ́ ẹ síhòòhò, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á se aṣọ ẹ nínú ooru gbígbóná, kí wọ́n tó tì yín mọ́ inú ọkọ̀ ojú irin dé ibí. Albert Ballin tó jẹ́ ọ̀gá HAPAG wá kọ́ àgọ́ ńlá sí Veddel ní 1901, ilé ìsùn, ilé ìwòsàn, ṣọ́ọ̀ṣì, sínágọ́gù, kíṣìnnì tó ń se oúnjẹ tí òfin àwọn Júù fọwọ́ sí. Júù ni Ballin fúnra ẹ̀. Ẹ má rò pé àánú nìkan ni o. Òfin Amẹ́ríkà ní ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá kọ̀ ní New York, kọ́mpìnì tó gbé e wá ló máa gbé e padà lọ́fẹ̀ẹ́, láti 1903 sì ni wọ́n ti fi owó ìtanràn dọ́là 100 kún un lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tí àìsàn ẹ̀ jẹ́ èyí tí dókítà èbúté tí wọ́n ti gbéra ì bá ti rí. Tíkẹ́ẹ̀tì dọ́là 30, ìtanràn 100! Ta ló máa ṣe irú òwò yẹn láìyẹ ojú èèyàn wò?

ÀkàndéAgídí:
Ẹ ò rí nǹkan. Àwọn ará Yúróòpù tí wọ́n ń yẹ̀ wá wò bí ẹran ní ẹ́ńbásì lónìí, wọ́n ti yẹ bàbá ńlá wọn wò rí.

ṢadéTíÒunNáàFẹ́Lọ:
Ojú ni wọ́n ń yẹ̀ wò jù àbí? Mo gbọ́ pé wọ́n ń fi ìkọ́ yí ìpéǹpéjú èèyàn padà.

Adékẹ́yẹ_Hamburg:
Bẹ́ẹ̀ ni, trachoma ni wọ́n ń wá, àrùn ojú tó ń ranni tó sì ń fọ́jú. Ìkọ́ tí wọ́n fi ń de bọ́tìnnì bàtà ni àwọn dókítà kan ń lò ní Ellis Island. Tí wọ́n bá fura sí ẹ wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ lẹ́tà sí ẹ láṣọ, E fún ojú, H fún ọkàn, L fún ẹni tó ń tiro, X fún ẹni tí wọ́n rò pé orí ẹ̀ ò pé. Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, bí méjì péré ni wọ́n ń dá padà. Tó o bá wọ first tàbí second class o ò dé erékùṣù yẹn rárá, inú ọkọ̀ ni wọ́n á ti bi ẹ́ ní ọ̀rọ̀ méjì, o sọ̀ kalẹ̀ ní Manhattan, ó parí.

TíṣàHístrì_Ìbàdàn:
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti orúkọ yẹn, torí ìtàn àtẹnudẹ́nu ni, ó sì ti tàn kálẹ̀ jù. Kò sí òṣìṣẹ́ tó ń kọ orúkọ sílẹ̀ tuntun ní Ellis Island. Ìwé orúkọ èrò, kọ́mpìnì ọkọ̀ ló ń kọ ọ́, láti èbúté tí wọ́n ti wọkọ̀, kí ọkọ̀ tó gbéra. Ìwé yẹn ni ìmígíréṣọ̀n máa ń ṣí síwájú, á pe orúkọ, á bi ẹ́ ní ohun tí wọ́n ti kọ síbẹ̀ wò bóyá ẹnu ẹ máa bá ìwé mu. Nǹkan bí ìbéèrè 29 ni: níbo lo ti ń bọ̀, ta ló san owó ọkọ̀ ẹ, ọ̀dọ̀ ta lò ń lọ, èló ló wà lọ́wọ́ ẹ, ṣé o ti ṣẹ̀wọ̀n rí, ṣé o níyàwó ju ẹyọ kan lọ.

Tí orúkọ bá yí, ní Hamburg ni akọ̀wé ti ṣi í kọ, tàbí kó jẹ́ ẹni náà fúnra ẹ̀ ló gé e kúrú lẹ́yìn tó ti ń gbé Amẹ́ríkà, níbi iṣẹ́, ní ilé ìwé ọmọ, nígbà tó ń gba ìwé ọmọ onílùú. Ìyá Ìbejì, mo fi dá yín lójú pé tẹ́ ẹ bá rí ìwé èrò Pennsylvania yẹn, orúkọ Poland wọn ló máa wà níbẹ̀ gbọọrọ.

ṢadéTíÒunNáàFẹ́Lọ:
"Ṣé o níyàwó ju ẹyọ kan lọ" 😂😂😂 bàbá wa àgbà ò bá ti padà sílé láti ẹnu géètì.

ÀkàndéAgídí:
Tíṣà, mi ò gbà. Ṣebí wọn ò gbédè ara wọn. Òyìnbó Amẹ́ríkà dojú kọ ará Poland, kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?

TíṣàHístrì_Ìbàdàn:
Àkàndé, ògbufọ̀ kún ibẹ̀ bí esú. Fiorello La Guardia tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ sọ pápákọ̀ òfurufú New York, tó ṣe olórí ìlú New York, ògbufọ̀ ni ní Ellis Island láti 1907 sí 1910, ó gbọ́ èdè Ítálì, Jámánì, Yídíìṣì, Kroéṣíà. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni orúkọ Poland máa wá ṣòro fún.

Ẹ wò ó, irú ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ báyìí náà ló tú àṣírí ìtàn Annie Moore. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó gba Ellis Island wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1892, ọmọ Cork ní Ireland, ọkọ̀ Nevada ló gbé òun àti àbúrò ẹ̀ ọkùnrin méjì wá bá òbí wọn. Wọ́n fún un ní owó wúrà dọ́là 10. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ń sọ pé ó kó lọ Texas, ìdílé kan níbẹ̀ sì ń jẹ orúkọ ẹ̀ bí oyin. Àfìgbà tí Megan Smolenyak tó máa ń tọpa ìdílé gbé ìwé jáde ní 2006 pé Annie ti Texas yẹn, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí! Annie gangan ò kúrò ní Manhattan, ibẹ̀ ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ ló bímọ sí, ibẹ̀ náà ló kú sí ní 1924. Wọ́n tún ti ń sọ pé ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó dé, ọmọ ọdún 17 ni.

Bọ̀dáApapa:
Tíṣà ti kó wa lọ sórí ilẹ̀, mo fẹ́ padà sómi. Ẹni tó bá ń sọ pé Titanic nìkan ni ọkọ̀ tó rì, kó lọ ka ti ọkọ̀ Atlantic, kọ́mpìnì White Star kan náà tó ni Titanic, April 1, 1873. Ó ń bọ̀ láti Liverpool, wọ́n ń bẹ̀rù pé èédú ò ní tó dé New York, kápútéènì bá ní kí wọ́n yà sí Halifax ní Canada, òru ọjọ́ yẹn ló fi orí sọ àpáta. Èèyàn tó lé ní 500 kú. Kò sí obìnrin kan tó yè, ọmọdé kan ṣoṣo ló yè. Ìdílé ló kún inú ọkọ̀ yẹn o, àwọn obìnrin àtàwọn ọmọ wà ní ìsàlẹ̀, omi bá wọn lórí ibùsùn.

Mọ́ríyìíkẹ́:
Háà. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ṣé aláwọ̀ dúdú kankan wọ irú ọkọ̀ báyìí nígbà yẹn, àbí Òyìnbó nìkan?

TíṣàHístrì_Ìbàdàn:
Ó wà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ará Caribbean ló gba Ellis Island wọlé, àmọ́ ọkọ̀ tiwọn ò la Atlantic já. Èyí tó máa ń dùn mí ni ti Joseph Laroche, ọmọ Haiti, ẹ́ńjínnìà, ilẹ̀ Faransé ló ti kàwé. Nítorí àwọ̀ ẹ̀, wọn ò fún un níṣẹ́ tó yẹ owó tó yẹ, ìyàwó ẹ̀ Juliette tó jẹ́ ọmọ Faransé sì ti lóyún ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ló bá ní kí wọ́n máa lọ sí Haiti. Ọkọ̀ France ni wọ́n fẹ́ wọ̀, wọ́n gbọ́ pé wọn ò ní gbà káwọn ọmọ bá òbí jẹun lórí tábìlì kan náà, wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ sí second class nínú Titanic. Ìyàwó àtàwọn ọmọbìnrin méjèèjì yè. Òun kú. Obìnrin náà padà sí Faransé, ó bí ọkùnrin ní oṣù kejìlá ọdún náà, ó sọ ọ́ ní Joseph.

ṢadéTíÒunNáàFẹ́Lọ:
Torí kí wọ́n lè bá ọmọ wọn jẹun.

OmoLagosIsland:
Bàbá mi wọ Aureol lọ Liverpool ní 1958, ó máa ń sọ ọ́ ṣáá pé wọ́n ń fi agogo pe wọ́n síbi oúnjẹ. Ṣé òun náà wà nínú àwọn ọkọ̀ onístíìmù yìí?

Bọ̀dáApapa:
Rárá o ọmọ Èkó, díísù ni Aureol ń mu, kì í ṣe stíìmù, kọ́mpìnì Elder Dempster ló ni ín, 1951 ló bẹ̀rẹ̀. Kò sì la Atlantic kọjá, etí òkun ló ń tọ̀ láti Èkó dé Takoradi, Freetown, kó tó gòkè sí Liverpool. Ṣùgbọ́n bàbá yín gbádùn o, wọn ò fi omi iyọ̀ fọ àwo.

Mọ́ríyìíkẹ́:
Lórí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ yẹn, èmi ti ka nǹkan kan. Ìjọba Amẹ́ríkà ní kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn kan múra bí aṣíkiri, kí wọ́n wọ steerage lọ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀, 1911 ni ìròyìn ẹ̀ jáde. Anna Herkner wà lára wọn. Ohun tó kọ ò ṣeé kà lórí oúnjẹ: èébì tí ẹnikẹ́ni ò gbá, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò ṣeé wọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ kan ọmọbìnrin bó ṣe wù wọ́n tí kò sẹ́ni tí wọ́n lè fẹjọ́ sùn. Ó sì ní àwọn ọkọ̀ tuntun wà tí wọ́n ti pín ìsàlẹ̀ sí yàrá kéékèèké, tó ní tábìlì ìjẹun, ó fi hàn pé ó ṣeé ṣe, owó ni wọn ò fẹ́ ná. Nígbà tí mo kà á, ìyá tó kó ọmọ mẹ́ta dání láìsí ọkọ ló ń wá sí mi lọ́kàn, ọjọ́ 12.

TíṣàHístrì_Ìbàdàn:
Ẹ tún wo nǹkan míì. Fótò steerage tó lókìkí jù lọ láyé, èyí tí Alfred Stieglitz yà ní 1907, tí gbogbo èèyàn máa ń fi ṣàpèjúwe àwọn tó ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń PADÀ sí Yúróòpù ló wà nínú ẹ̀! Kaiser Wilhelm II ni ọkọ̀ náà, New York ló ti gbéra, Stieglitz fúnra ẹ̀ wà ní first class, ó dúró lókè ó ń wò wọ́n nísàlẹ̀. Àwọn ará gúúsù Ítálì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́ ọdún méjì mẹ́ta tí wọ́n á kówó jọ, wọ́n á padà lọ ra ilẹ̀ nílé. Stíìmù ló jẹ́ kí ìyẹn ṣeé ṣe. Ta ló máa wọ ọkọ̀ onígbòkun lẹ́ẹ̀mejì?

ÀkàndéAgídí:
Ìgbà wo wá ni wọ́n ti ilẹ̀kùn? Torí mo mọ̀ pé wọ́n máa tì í dandan.

Bọ̀dáApapa:
1921. Wọ́n ní iye èèyàn tó lè wọlé láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lóṣù, tó bá ti pé ó ti pé. Ẹ wá wo eré! Ọkọ̀ á dúró sí ẹnu èbúté New York, bí ogún lè wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, iná wọn ń tàn, wọ́n ń retí aago méjìlá òru ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù, tí aago bá ti lù báyìí gbogbo wọn á sáré wọlé pọ̀. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú díẹ̀ yára jù wọlé kí oṣù tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ti jẹbi, ẹni tó bá pẹ́ náà ti jẹbi. Ní 1924 wọ́n tún dín in kù sí i, wọ́n ní ẹ máa lọ gba físà ní kọ́ńsólétì nílé yín. Àwọn kọ́mpìnì rí i pé èrò ìsàlẹ̀ ti tán, wọ́n bá kun ibẹ̀ lọ́dà, wọ́n sọ ọ́ ní Tourist Third Cabin, wọ́n ń tà á fún àwọn tíṣà àti stúdẹ́ǹtì tó fẹ́ lọ ṣeré ní Paris. Bẹ́ẹ̀dì kan náà o.

ÌyáÌbejì_NJ:
Ẹ̀yin ará mi, mo ti dé. Ọmọ mi obìnrin bá mi wá a lórí ibi tí wọ́n kó ìwé Ellis Island sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ó gbà wá ní alẹ́ méjì torí bí wọ́n ṣe kọ orúkọ wọn. Tíṣà, ẹ jàre! Orúkọ Poland náà ló wà níbẹ̀ gbọọrọ, lẹ́tà 11, ìyá àtọmọ mẹ́ta, Pennsylvania, Hamburg. "Ta ló san owó ọkọ̀": ọkọ. "Èló ló wà lọ́wọ́ ẹ": dọ́là 9. Nígbà tí mo fi hàn màmá ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ló wá ní àṣé bàbá àgbà fúnra ẹ̀ ló gé e kúrú, pé òun rántí pé fáktírì tó ti ń hun aṣọ ò lè kọ ọ́ sórí káàdì iṣẹ́.

Ti pé wọ́n tì wọ́n mọ́lé ńkọ́, ó wà níbẹ̀ náà! Lẹ́yìn ìwé èrò, ìwé míì wà fún àwọn tí wọ́n dá dúró. Wọ́n kọ ìdí ẹ̀ síbẹ̀: ọ̀dọ̀ ọkọ ló ń lọ. Wọn kì í jẹ́ kí obìnrin tó dá wá pẹ̀lú ọmọ jáde bẹ́ẹ̀, àfi kí ọkọ wá mú un tàbí kó fi tẹligíráàmù ránṣẹ́.

TíṣàHístrì_Ìbàdàn:
Ìyá Ìbejì, ẹ wo apá ọ̀tún ojú ìwé yẹn, wọ́n máa ń ka oúnjẹ síbẹ̀. Kọ́mpìnì ọkọ̀ ni wọ́n ń gba owó ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

ÌyáÌbejì_NJ:
Ó wà níbẹ̀ o! Àárọ̀ 2, ọ̀sán 3, alẹ́ 2. Mo kà á fún màmá, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní bàbá òun máa ń sọ pé erékùṣù yẹn ni wọ́n ti fún òun ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ nígbà àkọ́kọ́ láyé òun, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé wọ́n máa ń bó o, òun àtàwọn ẹ̀gbọ́n òun jẹ ẹ́ tèèpo tèèpo. Mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ̀ lónìí. Ó ní kí n bá òun bó o.